Bọ́ọ̀lù Tó Kan Ìka Ọmọ́tóyè

"Ọmọ́tóyè Akíntìmẹ́hìn, ṣé ó kàn ọ́?"

Màmá Fáníyì, adájọ́ pápá, kò gbóhùn sókè rárá. Kò sí ìdí tí ì bá fi gbé e sókè. Ẹgbàáta èèyàn tó wà lórí ìjókòó ti pa lọ́lọ́, torí pé bí wọ́n bá ti bi èèyàn ní ìbéèrè ẹnu ní Ìdànrè, ẹnikẹ́ni kì í húkọ́. Ohun tó ń dún kò ju agboòrùn ńlá tó léfòó sókè pápá, tó ti ń tẹ̀ lé oòrùn kiri láti òwúrọ̀ kí ooru má bàa pa àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ojú ti sọ tirẹ̀. Ojú ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pápá náà. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù bọ́ síta, ìbú ìka mẹ́ta," ó sì dákẹ́. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù ló ń rí, àti ilà, àti rákẹ́ẹ̀tì. Kì í rí èèyàn. Láti ìgbà tí Òfin Àṣírí Ara ti dé, kò sí ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ wo ara ọmọ èèyàn mọ́, ìbáà jẹ́ ní títì, ìbáà jẹ́ lórí pápá. Àwọn tó jókòó sílé tí wọ́n ń wo ìdíje náà nínú dígí, rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó ń fò láìsí ọwọ́ tó dì wọ́n mú ni wọ́n ń rí. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá kan ara ẹnìkan kó tó bọ́ síta, ẹnu onítọ̀hún nìkan ló lè sọ ọ́.

Ó sì kàn án.

Ó kàn án ní ọmọńdinrín ọwọ́ òsì. Òun àti Morákinyọ̀, tí wọ́n jọ ń gbá a, ni wọ́n jọ fò sókè nídìí àwọ̀n nígbà tí Lápàdé láti Ṣakí fi gbogbo agbára na bọ́ọ̀lù náà gba àárín wọn. Àwọn méjèèjì rí i pé síta ló ń lọ. Àwọn méjèèjì fa rákẹ́ẹ̀tì wọn sẹ́yìn. Àmọ́ Ọmọ́tóyè kò rántí fa ọwọ́ kejì. Bọ́ọ̀lù náà fẹ́ ẹ lórí ìka bí ẹni fi ìyẹ́ adìyẹ nu ún, ó sì kọjá lọ.

Bí ó bá ní "Ó kàn mí," àmì ayò di ti Lápàdé àti Abíọ́nà ìkejì rẹ̀, wọn á sì dọ́gba, mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Bí ó bá ní kò kan òun, ó ti tán nìyẹn. Òun àti Morákinyọ̀ yóò gbá àṣekágbá ìdíje àwọn ọkùnrin oníméjì-méjì lọ́jọ́ kẹta.

Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ti dìde lórí ìjókòó, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, kò sì mọ̀. Ọjọ́ méjì ni bàbá náà fi wá láti Àgọ́ Orí-Omi, níbi tí àwọn Ìlàjẹ tí òkun gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ń gbé lórí ọkọ̀ àti pákó. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kó wá pẹ̀lú ara rẹ̀.

"Kò kàn mí," ni Ọmọ́tóyè wí.

Ó ṣe é bíi pé ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀.

"Ẹnu ti sọ ọ́," ni Màmá Fáníyì dáhùn. "Ó parí."

Ariwo sọ. Àwọn èèyàn ń fò, wọ́n ń lu ìjókòó. Ọmọ́tóyè yíjú sí Morákinyọ̀ láti dì mọ́ ọn, ó sì rí i tí ọkùnrin náà dúró sójú kan, tó ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún ra ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tirẹ̀.

Ọmọ́tóyè wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti gbàgbé ẹ̀gbà.

Kò sí àwọn méjì tó ń gbá tẹ́níìsì pọ̀ tí kì í wọ ẹ̀gbà àjọmọ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ohun tí ọwọ́ ẹnìkíní bá mọ̀, ọwọ́ ẹnìkejì á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí Ọmọ́tóyè bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, apá Morákinyọ̀ á ti mọ̀. Bí Morákinyọ̀ bá rọ́ ọrùn ọwọ́, Ọmọ́tóyè náà á pariwo. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi jọ wọ̀ ọ́, débi pé wọn kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí pápá mọ́. Bọ́ọ̀lù tó kan ìka kan, ìka méjì ló kàn.

Lápàdé ti fo àwọ̀n wá. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ó na apá méjèèjì, ó sì gbá Ọmọ́tóyè mọ́ra.

"Àbúrò, mo rò pé mo rí i tó yà díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ," ló wí sí i létí. "Ojú mi ló tàn mí. Bí o ti fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́, ó ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ lọ gbé ife náà wálé."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ọmọ́tóyè wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Lápàdé rò pé ayọ̀ ni, ó tún gbá a léjìká.

*

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Morákinyọ̀ jókòó, ó tú ẹ̀gbà rẹ̀, ó sì gbé e sórí àga láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Láti ìgbà tí Ọmọ́tóyè ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Morákinyọ̀ ti ń gbá ìdíje yìí, kò sì tíì dé àṣekágbá rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti já sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ọmọ́tóyè pè é.

"Má ṣe sọ nǹkan kan."

"Mo fẹ́ kí ẹ bú mi ni."

"Èmi kò gbọ́dọ̀ bú ọ. Ohun tí ẹ̀gbà bá sọ fún mi, àárín èmi àti ẹ ló wà. Bí ọba pè mí, mi ò gbọ́dọ̀ wí i. O mọ òfin." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò yá. "Ìka náà ṣì ń ta mí ni. Kò ta mí púpọ̀. Ó kàn ń ta mí."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Màmá Fáníyì."

"Ṣé o mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

Ọmọ́tóyè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ kí agogo ọ̀sán ọjọ́ kejì tó lù, wọn á gba ìdíje náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn tó bá a gbá a. Wọn á sì ti ẹnu ẹni náà fún ọdún méje. Ẹni tí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Kì í dúnàádúrà fúnra rẹ̀. Kì í gbá eré kankan tó ní adájọ́. Níbikíbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ní láti jáde, ẹlòmíràn ló máa bá a sọ ọ́, òun á sì dúró sẹ́yìn bí ọmọdé.

"Bí mo bá sọ ọ́, àṣekágbá yín náà lọ nìyẹn," ni Ọmọ́tóyè wí.

Morákinyọ̀ wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Má fi mí ṣe àwáwí, Ọmọ́tóyè. Mo bẹ̀ ọ́. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ ṣe, má fi mí ṣe àwáwí."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ẹ̀gbà náà ló fi sílẹ̀ lórí àga.

*

Àwọn ará Àgọ́ Orí-Omi gba ilé kan sí ìsàlẹ̀ òkè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gba Ọmọ́tóyè mú kó tó jẹun tán. Bàbá rẹ̀ wọ aṣọ tó dára jù. Ó mú un lọ́wọ́ bí ìyàwó tuntun, ó mú un jókòó láàárín àgbàlá.

"Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà," ni bàbá náà wí. "Ìdílé Ikúẹ̀yẹ àti ìdílé Ayérìn ń jà sí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì. Ìgbà tí o wà lọ́mọdé, o mọ ẹni tó kọ́kọ́ ri òpó síbẹ̀, àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Wọ́n láwọn kò gba ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wa. Àmọ́ lánàá, gbogbo wọn rí i bí adájọ́ ṣe bi ọ́ lójú ẹgbàáta èèyàn tí o sì dáhùn. Wọ́n ní ẹnu tìrẹ làwọn á gbà. Ohun tí o bá sọ láàárọ̀ yìí ni wọ́n máa tẹ̀ lé, ọmọ dé ọmọ."

Obìnrin àgbàlagbà kan láti ìdílé Ayérìn, Màmá Olúwàṣè, sún mọ́ ọn. Ó ti sunkún rí lórí ọ̀rọ̀ òpó náà, gbogbo àgọ́ ló mọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Ọmọ́tóyè wí.

"Mi ò ní dìde. Bí o bá ní tiwọn ni, ọmọ mi, tiwọn ni. Mi ò ní bínú. Mo ṣáà fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kì í purọ́ kí n tó kú."

Ọmọ́tóyè la ẹnu. Ohun tó mọ̀ nípa òpó náà, òótọ́ ni. Ìdílé Ayérìn ló kọ́kọ́ ri í, ojú rẹ̀ ló ṣe. Gbólóhùn kan péré ni. Àmọ́ bí ó ti ń wo orí obìnrin náà tó funfun, tó tẹrí ba síwájú rẹ̀, òótọ́ náà di ohun tí kò ṣeé gbé jáde. Ó ṣe é bí ẹni tó fẹ́ fi àwo tó dọ̀tí bu omi fún èèyàn.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bi mí," ló wí. Ó dìde. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débì kan."

"Ọmọ́tóyè!" Bàbá rẹ̀ dìde tẹ̀ lé e. "Irú ìwà wo nìyẹn? Àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀!"

Kò dúró. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

*

Ilé Ọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ẹnu bá sọ sínú ìwé, wà lókè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè àtijọ́ ń gbé. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó ní ìwọ̀n, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e. Ọmọ́tóyè sáré débi ìdajì, ó rìn ìyókù. Ohun kan ṣoṣo ló ń tún sọ lọ́kàn ara rẹ̀: ó kàn mí, ó kàn mí. Bó ti ń gòkè, ó ń dún bí ohun tó rọrùn.

Màmá Fáníyì fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ìwé, ó wọ awò ojú. Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí agogo ọ̀sán lù.

"Ṣé ìwọ náà ti gbọ́ ni?" ló wí kí Ọmọ́tóyè tó kí i tán. "Jókòó. Ó máa dùn ọ́, mo mọ̀."

"Gbọ́ kí ni, mà?"

"Morákinyọ̀ wá láàárọ̀ kùtù. Ó ní òun ni bọ́ọ̀lù náà kàn. Ó ní ìwọ ni mo bi, o sì sọ tìrẹ, àmọ́ òun mọ̀ pé ó kan òun, òun sì dákẹ́." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "A ti dá ìdíje náà padà fún Lápàdé àti Abíọ́nà. Ẹnu Morákinyọ̀ la tì. Tìrẹ kò ní àbàwọ́n kankan. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi."

Ọmọ́tóyè jókòó.

Ó yé e lójú kan náà. Òfin ò jẹ́ kí Morákinyọ̀ sọ ohun tí ẹ̀gbà sọ fún un. Ohun kan ṣoṣo ló lè sọ tó máa dá ìdíje náà padà fún àwọn ará Ṣakí láìfọwọ́ kan ẹ̀gbà: kó parọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún wá ẹnu ọ̀nà yìí gun àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀ta láàárọ̀ kùtù, ó sì ti ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀.

Sọ ọ́ báyìí, ni ọkàn rẹ̀ wí.

Ó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn mìíràn, ohùn jẹ́jẹ́. Kí ló kù? Lápàdé ti gba tirẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ mọ́. Bàbá rẹ wà nísàlẹ̀. Màmá Olúwàṣè ṣì ń retí rẹ. Bí wọ́n bá ti ẹnu rẹ, ta ló máa sọ ti òpó náà fún un? Ẹ̀gbọ́n ti dàgbà, ó ti fẹ́ fi eré náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ ṣe ló ṣe.

Ó mọ̀ pé irọ́ ni ohùn náà ń pa. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ti í mọ òórùn ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó jókòó. Màmá Fáníyì bu omi fún un, ó mu ún. Ẹnìkan wọlé wá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó jáde. Òjìji fèrèsé sún láti ẹsẹ̀ tábìlì dé ẹsẹ̀ Ọmọ́tóyè. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òjìji náà bá kan bàtà òun, òun á sọ ọ́. Ó kan bàtà rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Agogo lù.

Màmá Fáníyì pa ìwé náà dé, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìgbà náà gan-an ni ẹnu Ọmọ́tóyè là.

"Èmi ni, mà. Èmi ni bọ́ọ̀lù náà kàn. Morákinyọ̀ parọ́ mọ́ ara rẹ̀ ni. Ìka mi ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bi mí."

Obìnrin náà kò mira. Ó wo ọ̀dọ́kùnrin náà, ó wo ìwé, ó tún wò ó.

"Láti ìgbà wo lo ti jókòó síbẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo dé, mà."

"Mo mọ ìgbà tí o dé. Èmi ni mo bu omi fún ọ." Ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà. "Etí mi ti gbọ́ ọ. Ìwé kò gbọ́ mọ́. Ohun tí agogo bá ti kọjá lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè ṣí i."

"Ẹ ti tèmi náà, mà. Ẹ ti ẹnu mi. Mo bẹ̀ yín."

"Ẹnu rẹ mọ́, Ọmọ́tóyè. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Kò sí ẹnu tó mọ́ jù ú lọ ní gbogbo Ìdànrè lónìí." Ó dìde, ó kọjú sí ògiri. "Jọ̀ọ́, máa lọ."

*

Ó bá Morákinyọ̀ lórí àtẹ̀gùn, lábẹ́ igi kan ní ìdajì ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan jókòó tì í. Ọmọ́tóyè mọ̀ ọ́n sójú: Fadérera, àkọ́bí Morákinyọ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe agboòrùn ní Àkúrẹ́. Ojú rẹ̀ wú. Àwọn èèyàn ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, bí wọ́n bá sì ti dé ọ̀dọ̀ Morákinyọ̀, wọ́n ń mójú kúrò. Wọn kì í kí ẹni tí wọ́n ti ẹnu rẹ̀, torí kò gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè dáhùn ní gbangba.

Ọmọ́tóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta.

"Dìde," ni Morákinyọ̀ wí ní jẹ́jẹ́. "Àwọn èèyàn ń wò ọ́."

"Mo wà níbẹ̀ kí agogo tó lù, Ẹ̀gbọ́n. Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó, mi ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó lù tán ni mo sọ ọ́."

"Ó yé mi," ni Morákinyọ̀ wí. Kò sì bínú, ìyẹn ló burú jù.

"Sọ kí ni?" Fadérera ló bèèrè. Ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. "Bàbá, kí ló ń sọ?"

Bàbá rẹ̀ mi orí. Kò gbọ́dọ̀ wí i.

"Èmi ni bọ́ọ̀lù kàn," ni Ọmọ́tóyè wí láti ilẹ̀ níbi tó wà. "Kò kan bàbá yín. Èmi ni."

Ọmọbìnrin náà dìde. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn àna mi ń bọ̀ wá tọrọ mi," ló wí. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò ẹnu bàbá mi láyé mi. Mo ti jókòó síbí láti àárọ̀, mò ń bi í pé kí ló dé tó ṣe irú nǹkan báyìí. Ó ń wò mí bí odi. Mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i, Bọ̀ọ̀dá Ọmọ́tóyè."

"Ẹ dárí jì mí."

"Rárá." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ta ni ẹnu rẹ̀ ṣì mọ́ nínú yín?"

"Tèmi."

"Ẹ̀yin lẹ máa dúró fún bàbá mi lọ́jọ́ náà, nígbà náà. Lójú àwọn àna mi àti gbogbo ẹbí. Àmọ́ kí ẹ tó dárúkọ mi, ẹ máa kọ́kọ́ sọ ìdí tí kì í fi ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀. Àti orí ìjókòó tí ẹ jókòó sí títí agogo fi lù."

"Derera," ni Morákinyọ̀ wí.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá. Wọ́n ti ti ẹnu yín." Ó sọkún bó ti ń sọ ọ́, ó sì yíjú padà sí Ọmọ́tóyè. "Ẹ dìde, kí n gbọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́."

"Níbí?"

"Níbí. Èèyàn ń kọjá."

Ọmọ́tóyè dìde. Eékún rẹ̀ ti bó. Àwọn mẹ́ta tó ń sọ̀kalẹ̀ ti dúró, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí èèyàn ti í ṣe sí ẹni tó gbajúmọ̀. Nísàlẹ̀, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi ọwọ́ kan di orúnkún mú, Màmá Olúwàṣè sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọn á dé ibi tí ohùn lè dé kó tó sọ ọ́ tán.

Kò dúró dè wọ́n, kò sì yára kó lè parí kí wọ́n tó dé.

"Lánàá," ló wí, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Lánàá, adájọ́ bi mí bóyá bọ́ọ̀lù kàn mí."